Kókó tó hù sí ìka gìtá mi

Mo kọ́kọ́ ń fi í yangàn ni. Ẹni tó bá ti ń ta gìtá olókùn irin fún ọdún mélòó kan, orí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ á ti yi, okùn kì í dùn ún mọ́. Tèmi ti yi láti nǹkan bí ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ jùjú lọ òde ìnáwó ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Torí náà, nígbà tí nǹkan kan tó le, tó tó hóró ìrẹsì, yọ sórí ìka òrùka mi, níbi tí okùn ti máa ń jẹ ẹ́ gan-an, iṣẹ́ ni mo ní ó ń hàn lára mi. Mo tilẹ̀ na ìka ọ̀hún sí ọmọkùnrin tí mo ń kọ́ ní gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní, "Wò ó dáadáa, ìka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fi àrùn joyè.

Ohùn gìtá ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù C, àkójọ ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mọ̀ pé ìka òrùka ló ń tẹ okùn karùn-ún ní fret kẹta, ìyẹn àlà irin kẹta lọ́rùn gìtá. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, dípò kí ó ké gbangba, á máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Nǹkan náà ti ga débi pé okùn ń yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀, ìka á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lọ kan okùn kẹrin, ohùn tìyẹn náà á kú. Mo pààrọ̀ okùn. Mo gbé gìtá lọ bá ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe, ó wo ọrùn rẹ̀ títí, ó ní kò sóhun tó ṣe é, ó gba owó rẹ̀. Ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kò sẹ́ni tó wò nínú wa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí a ní òde ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì, mo mú abẹ tuntun, mo ní kí n gé e kó pẹlẹbẹ. Kò sẹ́ni tó rán mi. Awọ tó yi lásán, téèyàn bá fá lórí rẹ̀, kì í ṣẹ̀jẹ̀, torí pé òkú awọ ni. Èyí ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé mo gún iṣan. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, mo rí àwọn àmì dúdú kéékèèké nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tẹ tàdáwà sí i. Mo rò pé okùn tó dógùn-ún ló kó sí i lára. Mo lẹ pálásítà mọ́ ọn, mo lọ òde. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, nǹkan náà ti padà, ó ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti bí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìka àárín tó ń fara kàn án.

Màmá mi rí i nígbà tí mo lọ kí wọn. "Àkànní, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn? Kókó nìyẹn o. Oje ìbẹ́pẹ ni kí o fi sí i." Kí n tó dáhùn, wọ́n ti rán ọmọ kan lọ já èyí tí kò tíì pọ́n. Wọ́n fi ọ̀bẹ fà á lára, oje funfun ń yọ, wọ́n kán an sí i fúnra wọn. Mi ò ní sọ pé kò lágbára. Ó jẹ awọ gbogbo àyíká kókó náà títí ó fi pọ́n, kókó fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín bíi baálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra Whitfield, ìpara tí gbogbo wa mọ̀ fún làpálàpá, mo fi pa á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé salicylic acid, èròjà tó ń jẹ awọ tó yi, tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Èyí tí wọ́n fi ń bá irú kókó bẹ́ẹ̀ jà sábà máa ń tó ìdá 17.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ rí dókítà awọ ara. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ó lè máà tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìka mi, ó ní, "Ẹ wo ìlà ìka yín, sà." Mo wò ó. Àwọn ìlà téèyàn fi ń tẹ̀ka sí ìwé ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n dé ìdí kókó náà, wọ́n yà á sílẹ̀, bí ọ̀nà oko ṣe máa ń yà fún àpáta. Ó ní tó bá jẹ́ pé awọ tó yi lásán ni, àwọn ìlà náà ì bá gba orí rẹ̀ kọjá. Ó fi ìka méjì fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo pariwo. Ó tẹ̀ ẹ́ láti òkè, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. "Wart ni, sà, irú kókó kan tó máa ń hù sí awọ." Àwọn àmì dúdú tí mo pè ní ìdógùn-ún okùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú wọn ni. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á, ojú ibi tí awọ bá ti sán ló ń gbà wọlé, orí ìka onígìtá kò sì yéé sán. Nígbà tó gbọ́ nípa abẹ, ó kàn mi orí ni. Ó ní èmi fúnra mi ni mo gbin àwọn méjì yòókù.

Mo délé, mo tẹ HPV sórí Google. Ẹ má ṣe é. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rí, àyà mi já, mi ò sì lè ṣàlàyé fún ìyàwó mi ìdí tí mi ò fi jẹun alẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní irú fáírọ́ọ̀sì náà lé ní 100, èyí tó ń hu kókó sọ́wọ́ kọ́ ni èyí tó ń fa jẹjẹrẹ yẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀ fún mi. Mo lè fi í sílẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ fúnra wọn, àmọ́ ó lè gba ọdún kan tàbí méjì. Wọ́n lè fi nitrogen olómi dì í pa, ohun tó tutù tó 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius; ibẹ̀ á lé ròrò, wọ́n sì lè tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tàbí kí n lo salicylic acid olómi, ìdá 17 nínú 100, lójoojúmọ́, títí di ọ̀sẹ̀ 12. Mo ka òde tó wà níwájú mi, ó jẹ́ Sátidé mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Ìka tó lé ròrò kò lè ta gìtá. Mo mú ti olómi. Kó tó kọ ọ́ fún mi, ó bi mí bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà, torí pé ẹni tó bá ní in kò gbọ́dọ̀ dá oògùn yẹn lò láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi gìtá sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Màá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, màá ki ìka bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Awọ orí kókó á rọ̀, á funfun bí ọwọ́ alágbàfọ̀. Màá nù ún gbẹ, màá fi fáìlì èékánná ha èyí tó ti kú lórí rẹ̀, jẹ́jẹ́, màá sì dáwọ́ dúró kó tó ṣẹ̀jẹ̀. Fáìlì yẹn kò kan èékánná mi kankan mọ́, inú ọ̀rá tirẹ̀ ló ń gbé, nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí mo sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, màá fi Vaseline yí ìdí kókó ká bí ẹni mọ odi, kí oògùn má baà jẹ awọ tí kò ṣẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó bá oògùn wá tóbi jù fún tèmi, igi ìtayín ni mo fi ń kán ẹyọ kan sí i. Á ta díẹ̀, á gbẹ, á di funfun bí àtè tó gbẹ. Pálásítà, ó di oorun. Àwọn méjì kéékèèké náà ń gba tiwọn.

Wàhálà tó kù ni bí màá ṣe ṣiṣẹ́ mi. Pálásítà lórí ìka tó ń tẹ okùn burú. Ó ń pa ohùn, tí òógùn bá sì dé, á ká kúrò láàárín orin. Awọ tí oògùn ti rọ̀ kò tún ṣeé gbé sórí irin. Mo gbà pé ìka òrùka ti gba ìsinmi. Ìka kékeré ló gba iṣẹ́ rẹ̀: C, ìka kékeré lórí okùn karùn-ún, D, ìka kékeré lórí okùn kejì ní fret kẹta, G, ìka ìfábẹ̀lá lórí okùn karùn-ún, ìka àárín lórí ìkẹfà, ìka kékeré lórí èkíní. Lójú ìwé, ó rọrùn. Lójú agbo, ìka kékeré mi kò tíì ṣe iṣẹ́ gidi rí láyé rẹ̀, àárín wákàtí kan ó ti ń gbọ̀n. Mo yọ okùn oní-nọ́ńbà 11 tí mo máa ń lò, mo fi oní-nọ́ńbà 9, tó tín-ín-rín jù ú lọ, sí i kó lè fúyẹ́. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀ létí mi, kò sẹ́lòmíì tó mọ̀.

Àgbà onígìtá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló sọ ìtàn Django Reinhardt fún mi nígbà tí mo ń ráhùn. Lọ́dún 1928, iná jó o nínú ọkọ̀ ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ìka òrùka àti ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣeé lò dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Ìka méjì ló fi ń dá orin, àwọn onígìtá ayé ṣì ń sáré tẹ̀ lé e. "Ìwọ ní mẹ́ta," bàbá náà wí, wọ́n sì lọ wá ẹmu wọn.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀pá gíláàsì. Mo fẹ́ràn ohùn gìtá irin tí Demola Adepoju ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ohùn tó ń fà lọ tó ń fà bọ̀ bí ẹni ń sunkún ayọ̀. Gìtá olẹ́sẹ̀ bíi tiwọn kò sí lọ́wọ́ mi. Mo kàn ki ọ̀pá gíláàsì kékeré bọ ìka kékeré, mo ń fi í yọ̀ lórí okùn láìtẹ̀ ẹ́ kan igi, ìka òrùka nà sókè ní tirẹ̀ bí ọlọ́jà tó ń mu tíì. Òde kejì tí mo lò ó, Ọ̀gá wa yíjú wẹ̀yìn láàárín orin, wọ́n ní, "Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?" Ẹnì kan dìde, ó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Ó lẹ méjì mọ́ gìtá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́. Ibẹ̀ ti pọ́n, ó ń ta mí lóru, kókó náà kò sì dín kù lójú mi. Mo sinmi oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta bí dókítà ṣe sọ, mo tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, mo fi pálásítà bo ìka tí mo bá ń kọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, gìtá tirẹ̀ ni ó ń ta, èmi náà ń ta tèmi. Ó bi mí pé ìka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́. Mo ní kó tún scale rẹ̀, ìyẹn àwọn ohùn àtẹ̀léra tó ń kọ́, ta.

Ọ̀sẹ̀ keje, mo ń fi fáìlì ha á lálẹ́ ọjọ́ kan, awọ kan ṣí bí ìdérí, àwọn àmì dúdú náà bá a lọ, ó ku ihò kékeré kan tó pọ́n. Àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ ti lọ ṣáájú rẹ̀. Mo ń bá oògùn lọ títí ihò náà fi dí. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, mo gbé ìka sábẹ́ iná, mo rí i pé àwọn ìlà ti gba ojú ibẹ̀ kọjá. Mo lọ fi han dókítà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n lọ máa ta gìtá mi.

Àmọ́ ìka tó jáde níbẹ̀, ìka ìkókó ni. Gbogbo yíyi ogún ọdún ti bá kókó lọ. Mo tẹ C lẹ́ẹ̀kan, okùn wọ̀ mí lára bí abẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gbà. Ìka kékeré kò sì fẹ́ gbé ipò sílẹ̀ mọ́. Lánàá, nígbà ìdánrawò, orin bọ́ sí C, kí ìka òrùka tó gbéra, ó ti wà lórí okùn karùn-ún.