Ìbéèrè àti ìdáhùn: gbígbé Land Cruiser 80 sókè láìba ìdarí àti bíréèkì rẹ̀ jẹ́

Ìbéèrè: Land Cruiser 80 ọdún 1996 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù lítà 4.5. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jókòó sílẹ̀ bí mo bá di ẹrù oko sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń ha ilẹ̀. Mo fẹ́ gbé e sókè ní ínǹṣì 4. Irú sípíríìn wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má lọ tó 4. Ínǹṣì 2, ìyẹn mílímítà 50, tó fún ọ̀nà oko àti ẹrẹ̀. Axle mọ́tò yìí, irin tó so wíìlì ọ̀tún mọ́ ti òsì, jẹ́ odindi irin kan níwájú àti lẹ́yìn. Bọ́dì àti ṣáásì nìkan ni sípíríìn gíga ń gbé. Ikùn axle níbi tí díìfù, gíà tó ń pín agbára fún wíìlì, wà kò kúrò níbi tó wà. Táyà ńlá ló ń gbé ìyẹn. Bí ẹ bá kọjá ínǹṣì 2, igun ìdarí, ti propeller (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí axle) àti ti bíréèkì yóò yí kúrò jìnnà, owó tí ẹ ó fi tún wọn ṣe sì lè ju ti sípíríìn lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín họ́ọ̀bù wíìlì dé etí fẹ́ńdà lókè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà yóò tàn yín jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ẹrù tí kì í kúrò nínú ọkọ̀: bọ́ńpà irin, wíǹṣì, táyà sípíà méjì, àpótí irinṣẹ́. Ẹrù yìí ni a fi ń yan sípíríìn. Sípíríìn ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe fún ẹrù kílò 200 yóò máa ta yín sókè bí òfìfo lẹ bá ń wà kiri.

Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tí gígùn rẹ̀ bá sípíríìn tuntun mu. Bí ti àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, òun ni yóò máa dá axle dúró nígbà tí wíìlì bá já sí kòtò: ẹ ó gbọ́ ìró “gbà!” lábẹ́, láìpẹ́ ẹnu ṣọ́ọ̀kì yóò fà ya. Ẹ yẹra fún sípíríìn tòkunbọ̀, ó ti rẹlẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Rọ́bà tí wọ́n ń kì sáàárín sípíríìn kò dára rárá. Ó ń dí apá kan sípíríìn lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, ìyókù á máa ṣe iṣẹ́ ọ̀hún títí yóò fi ṣẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni kí mẹkáníìkì mi ṣe tò ó?

Ìdáhùn: Kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ rọrùn jù. Kó kì wíìlì iwájú mọ́lẹ̀, kó gbé ṣáásì lé orí sítáǹdì irin, kó sì fi jáàkì gbé axle dúró. Kó yọ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ìdè ọ̀pá stabilizer tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, àti ẹnu kan panhard rod, ọ̀pá gígùn tó so axle mọ́ ṣáásì láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà kó máa sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ojú rẹ̀ má kúrò lára họ́ọ̀sì bíréèkì: bó bá ti na tán kí sípíríìn tó bọ́, kó dúró, ẹ lọ ra èyí tó gùn sí i. Ẹ má jẹ́ kí axle rọ̀ mọ́ họ́ọ̀sì láé.

Ẹnu ìsàlẹ̀ sípíríìn tuntun gbọ́dọ̀ wọ ojú ihò ìjókòó rẹ̀. Bí ẹ bá wá ṣe iwájú, panhard rod ibẹ̀ ni ẹ ó dè kẹ́yìn, nígbà tí wíìlì bá ti wà nílẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó nínú ọkọ̀ kó máa yí sitẹ́ríìn díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi bá ara wọn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: bóòlùtì tó wọnú búùṣì rọ́bà, òrùka rọ́bà tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀pá yìí, kò gbọdọ̀ le pátápátá nígbà tí axle ṣì rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mì mọ́tò náà lórí ilẹ̀, kó jókòó dáadáa, kí ẹ tó fún bóòlùtì wọ̀nyí le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà yóò wà ní lílọ́ títí lọ, yóò sì tètè ya. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ tún fún gbogbo rẹ̀ wò.

Ìbéèrè: A ti tò ó. Ní ojú títì, mọ́tò ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, sitẹ́ríìn kì í sì í padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyíkọ́nà. Wọ́n ní aláìmẹ́ǹtì ni.

Ìdáhùn: Caster ti dínkù. Caster ni bí òpó tí wíìlì iwájú ń yí lé lórí ṣe tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, òun ló ń dá sitẹ́ríìn padà. Lára 80, apá irin méjì ló di axle iwájú mú, ẹ̀yìn axle ni wọ́n sì ti so mọ́ ṣáásì. Bí ṣáásì bá gòkè, apá náà á dagun, á sì yí axle síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan bí dígírì 1 ló ń lọ fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Bíi dígírì 3 ni ti ilé iṣẹ́, ó kù bíi 1 fún yín. Aláìmẹ́ǹtì lásán kò lè dá a padà, torí kò sí bóòlùtì tí a fi ń tún caster ṣe lára ọkọ̀ yìí.

Búùṣì caster ni ẹ ó rà: mẹ́rin, méjì fún apá kọ̀ọ̀kan, ihò wọn kò sí láàárín gan-an. Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí bí ti àtijọ́ ṣe dojú kọ, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ yọ wọ́n. Òòlù yóò ba apá jẹ́. Ẹni tó bá kì wọ́n lódìkejì yóò tún dín caster kù sí i ni. Kí ẹ tó náwó síyẹn ṣá, ẹ gbé wíìlì iwájú sókè. Bó bá ń yẹ̀ bí ẹ ti dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, bíárìn ni. Bó bá jẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, tàìrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń yí wíìlì, ni.

Ìbéèrè: Búùṣì ti wọlé, ìdarí dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n bí mo bá sáré.

Ìdáhùn: Yíyí tí ẹ yí axle padà ti sọ imú díìfù iwájú kalẹ̀, igun méjèèjì propeller iwájú kò bára mu mọ́. Ẹ yọ propeller iwájú, ẹ ti díìfù àárín, èyí tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, pa kí ọkọ̀ lè rìn, kí ẹ wà á wò. Bí gbígbọ̀n bá lọ, ẹ ti rí i. Ẹ fi gíríìsì sí i ná. Bí kò bá yí padà, propeller oníjọ́ọ̀ǹtì méjì lẹ́nu kan ni ojútùú tó dájú.

Ìbéèrè: Bíréèkì ẹ̀yìn dà bí ẹni pé kò mú mọ́.

Ìdáhùn: Fáàfù kan wà lára ṣáásì, lókè axle ẹ̀yìn, tí ọ̀pá tín-ín-rín so mọ́ axle. Ó ń fi jíjìnnà tí axle jìnnà mọ ìwọ̀n ẹrù. Nísinsìnyí ó gbà pé òfìfo ni ọkọ̀, ó sì ń dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ fi irin gbé ìdè ọ̀pá náà lórí axle sókè ní mílímítà 50, iye kan náà tí ẹ gbé ọkọ̀. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde.

Ìbéèrè: Táyà wo ló kù?

Ìdáhùn: 275/70R16 ni ọ̀pọ̀ ń gbé wá, 285/75R16 wọlé dáadáa. Ikùn axle yóò fi mílímítà 21 ga sí i. Bí mítà bá kà 100, bíi 105 lẹ ń sá. Bí táyà bá ń ha apá irin nígbà tí ẹ bá yí sitẹ́ríìn dé òpin, ẹ tú bóòlùtì tó ń dá ìyípo wíìlì dúró jáde díẹ̀.