Bí mo ṣe parí àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí mo ti pa tì

Ẹni tó bá pa ìránṣọ lásán tì lè padà wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Rírán tí a máa tú dànù ni: a ó fi abẹ́rẹ́ àti ìko (okùn tí a bó lára ewé ògùrọ̀) rán aṣọ funfun, a ó fà á le kí aró má bàa ráyè wọ ibẹ̀, tí a bá sì rẹ ẹ́ tán, a ó já gbogbo okùn náà kúrò. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé tèmi jáde nínú àpótí, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn ibi tí mo ti rán tẹ́lẹ̀ ṣì fún dáadáa.

Yáàdì 5 ni aṣọ náà. Mo ti gé e sí méjì, yáàdì 2½ lọ́tùn-ún, 2½ lósì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ìró àdìrẹ látijọ́. A ó rẹ apá méjèèjì, a ó wá so wọ́n pọ̀. Apá kìíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí iṣẹ́ tó gbé mi lọ sí Èkó. Apá kejì ní àwòrán ewé díẹ̀ ní igun kan, ìyókù funfun gbalaja.

Ìko tó ti pẹ́ máa ń gbẹ, á sì máa ṣẹ́ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má kàn dédé fà á o. Mo wọ́n omi sí i, mo jẹ́ kó rọ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó ti dẹ̀, mo tún un fà, mo sì ta á ní kókó tuntun. Èyí tó já, mo yọ ọ́, mo sì tún un rán, nítorí ojú abẹ́rẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ṣì hàn lára aṣọ. Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà, ó gbà mí lásìkò ju apá tuntun lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní kí n tú gbogbo rẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, pé àwọn ìlà àtijọ́ wọ́. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ìlà tó wọ́ á ṣì hàn ní funfun. Ìlà tó dẹ̀ ni aró máa gbé mì.

Òwú ìránṣọ ni mo fi ṣe ìyókù, torí ìko tó dáa kò sí ní ọjà àdúgbò mi. Mo ṣẹ́ òwú po kó lè nípọn, mo ta ìdí rẹ̀ ní kókó ńlá. Fún ewé, mo ká aṣọ síbi tí àárín ewé máa wà, mo wá ń fi abẹ́rẹ́ lọ́ etí ibi tí mo ká yẹn, kí òwú máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ló ń fún ewé ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yà sọ́tùn-ún sósì. Ìlà ìta rẹ̀, mo kàn ń kì í bọ̀ mo ń yọ ọ́ ni.

Abẹ́òkúta ni mo gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìtòkú níbẹ̀ lónìí, aró òyìnbó pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ó sì yá kíákíá. Ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, ni èmi fẹ́. Ewé rẹ̀ tútù ni wọ́n máa ń gún, wọ́n á mọ ọ́n rogodo, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi kan. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti àlejò. Mo rí màmá kan tó ṣì ń lò ó. Wọ́n kọ́kọ́ ki aṣọ bọ omi lásán kí aró lè mú un dọ́gba, lẹ́yìn náà ni wọ́n rì í sínú ìkòkò. Bí wọ́n ṣe fà á jáde, àwọ̀ ewé ni. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Wọ́n ń rì í, wọ́n ń sá a, títí ó fi dúdú bó ṣe wù mí.

“Àwọn méjì ló rán èyí?” màmá bi mí.

“Rárá mà, èmi nìkan ni.”

Wọ́n wò mí lókè wò mí nílẹ̀. Kò jọ pé wọ́n gbà.

Ó gbẹ tán kí n tó tú u. Abẹ fẹ́lẹ́ ni mo lò: ẹ fi ọwọ́ kan na aṣọ títí kókó á fi yọ, orí kókó ni kí ẹ gé, kí ẹ wá fa okùn náà jáde. Ẹ má gé e níbi tí aṣọ ká sí. Bí abẹ bá yọ̀ báyìí, ìró ti lu nìyẹn.

Ibi tí ìko wà funfun fẹ̀, etí rẹ̀ sì rí wúruwùru. Ti òwú tín-ín-rín, ó mọ́. Ti ìko wù mí jù. Télọ̀ tó so apá méjèèjì pọ̀ ní òun lè wá ibi tí wọ́n ti jọra so mọ́ra. Mo ní kó so ó bẹ́ẹ̀, ìko lókè, òwú nísàlẹ̀, kó sì jẹ́ ká fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ sí aṣọ yòókù, torí omi rẹ̀ ṣì ń dúdú.