Ẹ Má Fa Igbó Tu Lórí Ẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Carex tumulicola

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Carex tumulicola á ní koríko lásán ni. Ẹbí làbẹ̀làbẹ̀ ni. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí ọ̀pá tó so òdòdó rẹ̀ wò: kò ní yí geere, torí ó ní igun mẹ́ta. Ti koríko a máa rí róbótó.

Láti British Columbia ní Kánádà dé Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ló ti ń hù, ọdún dé ọdún, láti ìdí kan náà. Ní Kánádà, apá gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù Vancouver nìkan la ti ń rí i, wọ́n sì ti kà á mọ́ ewéko tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run.

Àwọn kan á gbọ́ pé ilẹ̀ tó ń rin ló fẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ewéko inú ẹrẹ̀. Rárá o. Ìgbà òtútù lòjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ á mu omi yó títí wọ ìgbà ìrúwé, nígbà tó bá yá, ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ ẹ́ gbaugbau. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹni tó ń bomi rin ín lójoojúmọ́ nígbà ooru, koríko àjèjì ló ń bọ́. Ẹni tó sì la kòtò kí omi òtútù lè ṣàn lọ, omi ẹnu rẹ̀ ló gbà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó fẹ́ ṣe é lóore. Ní 1850, Captain Walter Grant, ará Scotland tó wá tẹ̀dó, gbin hóró Cytisus scoparius, igbó olódòdó yẹ́lò láti Yúróòpù, sí Sooke ní erékùṣù Vancouver. Ó ti ràn wọ abẹ́ igi óákù Garry báyìí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹ́ kù nínú irú ilẹ̀ olóákù yẹn kò tó ìdá 5 nínú 100. Àwọn olùrànlọ́wọ́ á wá fa igbó yìí tu nígbà òjò, torí ilẹ̀ rọ̀. Gbòǹgbò kan á hú òkìtì yẹ̀pẹ̀ jáde, gbòǹgbò làbẹ̀làbẹ̀ á bá a lọ, bàtà á sì po ìyókù mọ́ ẹrẹ̀. Hóró igbó náà tó ti sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún á rí ilẹ̀ òfìfo, ló bá hù. Ẹ jẹ́ kí igbó náà yọ òdòdó, kí ilẹ̀ máa gbẹ, kí ẹ wá gé e mọ́lẹ̀ gbáà. Ẹ má hú nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Carex tumulicola gbìn, ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ara ìkòkò. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ta Carex divulsa, làbẹ̀làbẹ̀ ará Yúróòpù, lórúkọ rẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ewé wọn jọra débi pé ó dìgbà tí wọ́n bá so kójú tó là. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni wọ́n ti ká hóró rẹ̀. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.