Kí Pàǹtí Ilé-Iṣẹ́ Tó Wọ Oko Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ọ̀pọ̀ ohun tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń dà nù ló lè sọ ilẹ̀ oko di ọ̀tun. Èérí ọkà láti ilé ìpọntí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ omi ìrèké, lẹ́búlẹ́bú igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó: inú oko àti igbó ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n sì lè padà síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó ìdalẹ̀nù, àgbẹ̀ á dín owó ajílẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni májèlé lè bá wọlé. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n já ẹrù ilé-iṣẹ́ kankan sórí ilẹ̀ yín títí yàrá àyẹ̀wò yunifásítì tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn

Ní Minamata, ìlú etíkun kan ní Jàpáànù, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Chisso bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tó ní mákúrì, irin olóró kan, sínú òkun láti ọdún 1932. Mákúrì wọ ara ẹja, àwọn ènìyàn jẹ ẹja náà, ológbò pàápàá jẹ ẹ́. Ọdún 1956 ni wọ́n tó fi àìsàn náà sùn ní gbangba: ara ń gbọ̀n, ojú ń ṣú, àwọn ọmọ mìíràn sì ti kó o láti inú oyún. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Kumamoto ló sọ ní 1959 pé mákúrì ló fà á. Síbẹ̀, 1968 ni omi náà tó dáwọ́ dúró. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rí fi wà nílẹ̀ tí májèlé ṣì ń ṣàn. Ó dun ni gan-an. Ìdí nìyí tí a fi ní kí àyẹ̀wò ṣáájú ẹrù.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa láti fi pàǹtí ilé-iṣẹ́ tọ́jú oko. Ní Kalundborg, ní Dẹ́nmáàkì, ilé-iṣẹ́ Novo, tó ń fi àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe oògùn àti ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú kí nǹkan tètè yí padà), bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò láti 1976, kí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀.

Èyí tí ẹ lè gbà àti èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà

Ẹ kọ ohunkóhun tó bá ti ilé-iṣẹ́ tó ń sọ awọ, tó ń ṣe bátìrì, tó ń po ọ̀dà tàbí tó ń kun irin jáde. Àwọn irin olóró bí òjé, kádímíọ̀mù àti kúrómíọ̀mù lè wà nínú pàǹtí wọn, wọn kì í jó nínú iná, wọn kì í sì í jẹrà. Bí ásíìdì bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn tún máa ń fa òjé àti kádímíọ̀mù sára ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́búlẹ́bú igi dára, bí wọn kò bá ti fi oògùn ikán ra igi náà. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á sí ẹsẹ̀ ọ̀gbìn ní tútù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ máa ń gba náítírójìn, oúnjẹ ewéko tó wà nínú ilẹ̀, mọ́ ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́, ewé á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran, kí ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi rí bí aṣọ tí a fún, kí ẹ sì kó o jọ sí òkìtì. Inú òkìtì náà gbọdọ̀ gbóná tó 55°C fún ọjọ́ 15 ó kéré tán, kí ẹ sì yí i padà lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìgbà náà kí kòkòrò àrùn lè kú.

Èérí ọkà láti ilé ìpọntí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ń bu. Èyí tó bá ti bu kò yẹ fún ẹran, nítorí májèlé inú èébu lè kọjá sínú wàrà tí àwọn ọmọ ń mu.

Bí ẹ ṣe máa bu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò

Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ káàkiri oko, kí ẹ bu ilẹ̀ ní ibi 10 sí 15, ní ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ike tó mọ́ ni kí ẹ fi gbà á, kì í ṣe garawa onípáànù, torí síńkì ara rẹ̀ lè da èsì rú. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a sí ibòji, kí ẹ sì mú nǹkan bí ìdajì kílò lọ pẹ̀lú àmì tó fi oko hàn. Ẹ mú díẹ̀ lára pàǹtí náà dání. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bù ú lójú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe gba èyí tí ilé-iṣẹ́ bá dì fún yín.

Ohun tí ẹ ó béèrè

Ẹ má bẹ̀rù ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìparí ń wá oko tí wọ́n máa lò, olùkọ́ wọn sì ń wá ẹni tí ìwádìí yóò wúlò fún. Ní 1990, àwọn olórí yunifásítì péjọ sí Talloires ní Faransé, wọ́n sì buwọ́ lu ìlérí láti fa ìjọba àti ilé-iṣẹ́ mọ́ra lórí ìdàgbàsókè tí kò ní ba ayé jẹ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la. Nítorí náà, ẹ béèrè pé kí wọ́n ka èsì fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ta ni yóò sanwó àyẹ̀wò? Ní tiwa, ilé-iṣẹ́ ni. Ìlànà kẹrìndínlógún nínú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí níbi ìpàdé àgbáyé lórí àyíká ní Rio de Janeiro, ní Brazil, ní 1992 sọ pé ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ló yẹ kó gbé ẹrù ìnáwó rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ni kí ẹ yan yàrá àyẹ̀wò.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: irú ẹrù wo, mélòó, ta ni yóò san àdánù bí ọ̀gbìn bá kú. Ẹ fi kún un pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá pààrọ̀ ohun tó ń lò, àyẹ̀wò tuntun ti di dandan.

Fún ìdílé, ọ̀rọ̀ kan péré: àgbá tó ti gbé kẹ́míkà rí kò gbọdọ̀ gba omi mímu, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ dá a padà fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín.