Bí mo ṣe jẹ́ kí adájọ́ tó wà lókèèrè mọ ilé mi kó tó dá ẹjọ́ ọmọ mi

Ilé ẹjọ́ ló fọwọ́ sí i pé kí bàbá ọmọ mi mú un lọ gbé ní orílẹ̀-èdè kejì. Nígbà tó yá, ó pẹjọ́ lọ́hùn-ún pé kí wọ́n dín àkókò tí mo fi ń rí ọmọ náà kù. Ibi tí ọmọ fi ṣe ibùgbé ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ rẹ̀, mo sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé adájọ́ ibẹ̀ kò mọ̀ mí rí.

Àdéhùn Hague ti ọdún 1996 lórí ìdáàbòbò ọmọdé ló ṣí ọ̀nà fún mi. Abala 35 gba òbí tó jìnnà sí ọmọ láàyè láti bẹ àwọn aláṣẹ ibi tí òun ń gbé pé kí wọ́n wádìí òun, kí wọ́n sọ bóyá ó yẹ kí ọmọ máa wá sọ́dọ̀ òun, àti lábẹ́ ìlànà wo. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbé ohun tí wọ́n bá kọ yẹ̀ wò kó tó dájọ́. Ó tilẹ̀ lè sún ẹjọ́ síwájú dè é.

Mo kọ́kọ́ wò ó lórí ìkànnì HCCH, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àwọn Àdéhùn Hague, bóyá àdéhùn náà ń ṣiṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti rí àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí ìjọba wa yàn láti máa bá ti òkèèrè sọ̀rọ̀. Kò pọn dandan kí àwọn aláṣẹ gbà, nítorí náà mo ṣàlàyé ìdí ẹ̀bẹ̀ mi dáadáa, mo sì so ìdájọ́ ìṣáájú àti ìwé ìpẹ̀jọ́ tuntun mọ́ lẹ́tà náà.

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé tí wọ́n rán wá kò bìkítà bóyá ilé mi tóbi. Ó béèrè ibi tí ọmọ á sùn, ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ bí mo bá lọ síbi iṣẹ́, àti irú ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ sí i létí nípa bàbá rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù lójú mi. Mo ní ọmọ náà fẹ́ràn bàbá rẹ̀, n kò sì ní ba ìyẹn jẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló ń ba bàbá ọmọ lẹ́rù. Mo mọ̀ ọ́n: ó rò pé bí ọmọ bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, n kò ní dá a padà.

Ẹ̀rù yẹn la jókòó tì. A kọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ sílẹ̀, a kọ ẹni tí yóò mú un wọ ọkọ̀ òfurufú, a sì kọ ọ́ pé kóòtù níbí yóò ti fọwọ́ sí àṣẹ kóòtù ọ̀hún kí ọmọ tó gbéra. Abala 24 fàyè gba ìyẹn. Èmi fúnra mi fi kún un pé bí mo bá dá a dúró kọjá ọjọ́ àdéhùn, kí wọ́n lo Àdéhùn Hague ti 1980, èyí tó wà fún dídá ọmọ tí wọ́n mú lọ tàbí tí wọ́n dá dúró sí òkèèrè lọ́nà àìtọ́ padà, láti gbà á padà kíákíá, nítorí orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú rẹ̀, ọmọ náà kò sì tíì pé ọdún 16. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fọkàn tán òun, ẹ jẹ́ kó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ́fíìsì wa fi ìròyìn náà àti ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ti ọ̀hún, ó sì dé ọwọ́ adájọ́. Kò dín àkókò mi kù. Ó kó àwọn ìlànà tí a kọ sínú àṣẹ rẹ̀. Mo gbé àṣẹ náà lọ sí kóòtù níbí, wọ́n fọwọ́ sí i, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.