Service ń ṣiṣẹ́ àmọ́ wíńdò script ò yọjú: ẹ wá a síbi tó wà

Màmá kan tó ń ta léèsì ní Balogun ní kí n bá òun ṣe nǹkan táá máa sọ fáwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí ọjà kan bá ti ń tán lọ. Mo kọ script, ìyẹn ètò kékeré kan, wíńdò kékeré á jáde, wọ́n á tẹ OK, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Èkó, wọ́n á mú iná, kọ̀ǹpútà á kú, tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ kò sẹ́ni táá rántí pé kí wọ́n tún script yẹn tẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ di service, ìyẹn ètò tí Windows fúnra ẹ̀ máa ń tan lábẹ́lẹ̀, kó lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, services.msc, níbi tí Windows ń to àwọn service sí, ń kọ Running, àmọ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan wíńdò kankan ò yọ, léèsì funfun sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an.

Wíńdò yẹn ò sọnù o. Láti ìgbà Windows Vista, 2007, Session 0 ni gbogbo service ń gbé (session dà bíi yàrá tí ètò ti ń ṣiṣẹ́), ẹni tó bá login, láti Session 1 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Torí ààbò ni, kí fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé sọ́dọ̀ ẹ má baà gba ojú wíńdò service gba agbára tí kì í ṣe tiẹ̀. Wíńdò ẹ jáde sí yàrá tí wọ́n tì pa, kò sẹ́ni níbẹ̀ táá tẹ OK, script wá dúró síbẹ̀ ó ń retí.

Kẹ́ ẹ lè rí i fúnra yín, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Details, ẹ fi right-click tẹ orí kọ́lọ́ọ̀mù, Select columns, ẹ mú Session ID. Tí script yín bá gbé 0, ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí "Allow service to interact with desktop" tó wà nínú Properties service. Session 0 náà ló ṣì máa ṣí i sí, ohun tó sì ń jẹ́ kéèyàn lè yọjú wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Microsoft ti yọ ọ́ kúrò láti Windows 10 version 1803.

Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Èyí tó ní wíńdò, ẹ gbé e fún Task Scheduler, ohun tí Windows fi ń tan ètò lákòókò tẹ́ ẹ bá yàn: Create Task, "Run only when user is logged on", trigger ẹ̀ "At log on". Tẹ́ ẹ bá mú "Run whether user is logged on or not", ó tún máa farapamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ Conditions, nítorí pé wọ́n ti máàkì "Start the task only if the computer is on AC power" síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù tí kò síná ní Èkó task yẹn ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ yọ èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà.

Èyí tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó login, ẹ fi sínú service tuntun, àmọ́ ẹ yọ gbogbo MsgBox, pause àti Read-Host inú ẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń dúró de kéèyàn tẹ nǹkan, ẹ jẹ́ kó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì log. Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì yẹn tán pátápátá, torí inú C:\Windows\System32 ni service sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Drive Z: tẹ́ ẹ map fúnra yín, ìyẹn fódà orí kọ̀ǹpútà míì tẹ́ ẹ fún ní lẹ́tà, service ò lè rí i, àdírẹ́sì ẹ̀ gan-an, irú bíi \\server\share, ni kẹ́ ẹ kọ.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ lọ sí service àtijọ́ yẹn kẹ́ ẹ sọ ọ́ di Disabled kẹ́ ẹ tó restart, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì lá máa ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n á sì máa du fáìlì kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.