Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Gásíkẹ́ẹ̀tì Tápẹ́ẹ̀tì Kọ́fà Tó Ń Jò Ọ́ìlì

Mo ń ti Ìkìrun bọ̀ lọ́jọ́ kan, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá mi dúró ní Ọlá-Ìyá, ni òórùn ọ́ìlì tó ń jóná bá gba inú ọkọ̀. Mo ti ń bú awakọ̀ tírélà iwájú nínú ọkàn mi. Àṣé tèmi ni. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ti rin gbindin, ọ́ìlì ń kán sórí páìpù èéfín, ó ń rú túú.

Ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ló ń jò. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gan nínú ooru, kò lè dí ojú ibẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ibẹ̀ náà ni. Ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì máa ń ṣàn sí, nítorí náà ibi tó ga jù lọ tí ọ́ìlì ti rin ni kí ẹ wò. Ẹ nu ẹ́ńjìnì mọ́, ẹ wà á fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá kún ihò rẹ̀, òrùka rọ́bà tó yí ihò ká ti bàjẹ́. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì àtàwọn òrùka náà pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ yọ orí bátìrì, kọ́ọ̀lì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná àti hóòsì tó wà lórí kọ́fà. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú wọn, torí ìgbàgbé. Sípánà 10 ló máa ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́pọ̀ ọkọ̀ Toyota. Láti etí wá sí àárín ni kí ẹ ti tú u. Bí kọ́fà bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ìdí òòlù onírọ́bà gbá a pẹ́pẹ́. Ẹ má fi súkúrù díráfà họ ojú rẹ̀. Ọwọ́ yín á dúdú bíi ti aláró Òṣogbo, ọṣẹ abọ́ á sì bọ́ ọ.

Ìmọ́tótó ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ fi àkísà bo inú ẹ́ńjìnì kí ìdọ̀tí má bọ́ sí i, ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n fi dí ojú ibẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ tó fi pẹtiróòlù díẹ̀ nu ojú méjèèjì gbẹ.

Ẹni tó kọ́kọ́ tún tèmi ṣe, gọ́ọ̀mù ló fi yí gbogbo rẹ̀ ká bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Kò pé oṣù mẹ́ta tó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé gọ́ọ̀mù tó bá rọ́ sínú lè já bọ́, kó lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà kò fẹ́ gọ́ọ̀mù. Ìkángun ibi tí kọ́fà ṣéènì, ìyẹn ìdérí tó bo ṣéènì ẹ́ńjìnì, ti pàdé orí ẹ́ńjìnì nìkan ni kí ẹ fi sí, kó má nípọn ju igi ìṣáná lọ.

Ẹ tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wọ inú ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ gbé kọ́fà lé e ní tààrà. Gbogbo nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi ọwọ́ yí wọlé ná. Àárín lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè é báyìí, lọ sí etí, ní ìpele méjì. Nǹkan bí 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè nọ́ọ̀tì) ti tó fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, kò ju agbára ọrùn ọwọ́ lọ. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá fi ìbínú dè é, eyín ihò nọ́ọ̀tì á jẹ.

Ẹ má gbàgbé PCV, fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnì fi ń mí. Ẹ mì ín létí: bí kò bá dún, ó ti dí, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì á sì tún ti ọ́ìlì gba abẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun jáde.

Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì, ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi tíṣù funfun pa ìkángun ẹ̀yìn. Èéfín díẹ̀ lè ṣì yọ látara ọ́ìlì àtijọ́ tó wà lára páìpù. Yóò jó tán fúnra rẹ̀.